Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Béèlì Obìnrin ní Tésàn, àti Bí Obìnrin Ṣe Ń Dúró fún Ẹlòmíràn

Wọ́n wá ọkọ délé, wọn ò bá a, wọ́n bá gbé ìyàwó. Tàbí kó jẹ́ pé ọ̀gá ilé kan ló ní ọmọ ọ̀dọ̀ òun jí ẹ̀gbà ọrùn. Tàbí owó àjọ ló dá wàhálà sílẹ̀ nínú ọjà, ẹni tí wọ́n jẹ lówó sì mọ ọlọ́pàá kan. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ò yàtọ̀: ẹbí á rọ́ dé tésàn, ẹni mẹ́fà á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá á máa sunkún níwájú kántà, ẹ̀gbọ́n á máa wá owó kiri, ilẹ̀ á sì ṣú. Nígbà tí ẹnì kan bá máa rántí béèrè ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, obìnrin náà ti fọwọ́ sí ìwé tí kò lè kà. Bí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá sì ní òun fẹ́ gbà á ní béèlì, wọ́n á ní, "Màdámù, ẹ lọ mú ọkùnrin wá."

Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní obìnrin ò lè dúró béèlì. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Aago àti ìwé ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé, ohun tí ẹ ó sì máa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìyẹn: ẹ máa wo aago, ẹ máa kọ̀wé.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé kékeré kan àti bírò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan, nítorí wọ́n lè ní kí ẹ gbé e kalẹ̀ ní kántà.
- Káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó máa dúró béèlì, ẹ̀dà rẹ̀, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, àti ohun tó fi ibi tó ń gbé hàn, bí ìwé iná tàbí rìsíìtì owó ilé.
- Nọ́ńbà lọ́yà. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council, tó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ní Èkó, Office of the Public Defender wà pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin tí wọ́n ń pè ní FIDA náà sì ń gba ẹjọ́ obìnrin lọ́fẹ̀ẹ́.
- Àpò fún obìnrin náà: páàdì, ìró kan, oúnjẹ, omi, oògùn tó bá ń lò. Bó bá ní ọmọ ọwọ́, ẹ mú aṣọ àti ìtẹ́dìí ọmọ dání.
- Ènìyàn méjì péré. Ọ̀kan á sọ̀rọ̀, èkejì á kọ̀wé. Kí àwọn yòókù dúró níta.

Ọ̀rọ̀ kan nípa òfin kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 àti Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Òfin tí wọ́n ń pè ní ACJA, ti 2015, tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń mú ènìyàn àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, wà fún Abuja àti àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá ní irú rẹ̀ tirẹ̀. Èkó ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2007, ó sì tún un ṣe ní 2011. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nínú wọn jọra, àmọ́ nọ́ńbà abala wọn yàtọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá wà ní Òṣogbo, ẹ má máa ka nọ́ńbà ACJA sí DPO, ìyẹn ọ̀gá tésàn, létí. Ìwé Òfin Ilẹ̀ ni kí ẹ dì mú, kò sẹ́ni tó lè ní kò kan òun.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ibi tó wà, kí ẹ sì kọ aago sílẹ̀

Kì í ṣe tésàn àdúgbò ni wọ́n máa ń gbé ènìyàn lọ nígbà gbogbo. Ó lè jẹ́ Pántì ní Yábàá, tàbí Ìyágankú ní Ìbàdàn, tàbí Eléwéẹran ní Abẹ́òkúta. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó rí i: ọkọ̀ wo ni, aṣọ wo ni wọ́n wọ̀, orúkọ wo ló wà láyà wọn?

Bí ẹ bá dé kántà, ẹ kí wọn dáadáa. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àbúrò wa ni wọ́n gbé wá síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni IPO rẹ̀?" IPO ni ọlọ́pàá tí ọ̀ràn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà tó ní òun lè bá yín ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ aago tí wọ́n mú un sílẹ̀. Abala 35 Ìwé Òfin Ilẹ̀ ní bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e dé ilé ẹjọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì, àyàfi tí ilé ẹjọ́ bá rí ìdí tó fi yẹ kó gùn sí i. Nínú ìlú ńlá wa, ṣàṣà ni ibi tí ilé ẹjọ́ fi jìnnà tó kìlómítà 40. Ìgbà tí wọ́n mú un ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ìgbà tí IPO dé láti ibi tó lọ.

*Ìkìlọ̀:* Àwọn tó fẹ́ fìyà jẹ ènìyàn máa ń mú un ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n lè sọ pé ilé ẹjọ́ ti tì. Abala 35 ò sọ pé kí wọ́n yọ Sátidé àti Àìkú kúrò nínú ìṣirò. Ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni kí ẹ pe lọ́yà, kì í ṣe ọjọ́ Ajé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Orúkọ tésàn, orúkọ IPO, aago tí wọ́n mú un, aago tí ẹ̀yin dé. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nínú ìwé yín, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ irú ẹ̀sùn tó jẹ́

"Ọ̀gá, kí ni ẹ̀sùn rẹ̀?" Ìwé Òfin Ilẹ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n mú láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ìdáhùn wọn ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n mú un dípò ẹlòmíràn, bí ọkọ, ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n, kò sí béèlì tí ẹ ń gbà, nítorí kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Abala 7 ACJA kà á léèwọ̀, Òfin Ọlọ́pàá 2020 náà sì kà á léèwọ̀. Ìyàwó àti ìyá sì wà lára àwọn tí wọ́n sábà ń mú báyìí, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin tó sá á jáde bó bá gbọ́ pé ìyá òun wà ní sẹ́ẹ̀lì. Ẹ ní kí ẹ rí DPO, kí ẹ sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ọ̀gá, ẹ̀sùn ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kà fún wa, wọn ò ka tirẹ̀."

Bó bá jẹ́ gbèsè, owó àjọ, owó ilé tàbí ọjà àwìn, ọ̀ràn ilé ẹjọ́ alágbádá ni, kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Òfin méjèèjì yìí kan náà ní wọn ò gbọdọ̀ tìtorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ mú ènìyàn. Ẹ ṣọ́ra níbí o, nítorí ẹni tó mú ẹjọ́ wá kì í pè é ní gbèsè. Á ní "ó lù mí ní jìbìtì." Bí ẹ bá ní ìwé àjọ tàbí ìfiránṣẹ́ lórí fóònù tó fi hàn pé obìnrin náà ti ń san án díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé e jáde, ẹni tó fẹ́ lu jìbìtì kì í san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n mú obìnrin lálẹ́, kí wọ́n ní aṣẹ́wó ni. Ní Abuja, wọ́n ṣe é títí tí ọ̀rọ̀ fi dé Ilé Ẹjọ́ ECOWAS. Òṣèré tíátà Dorothy Njemanze àti àwọn obìnrin mìíràn ló pe ìjọba Nàìjíríà lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹwàá 2017, ilé ẹjọ́ náà ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú, pé kò sí ẹ̀rí kankan pé aṣẹ́wó ni wọ́n, ó sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù mẹ́fà náírà fún mẹ́ta nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Rírìn lálẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọn ò bá lè dárúkọ ohun tó ṣe, tí wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ aṣọ tó wọ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀sùn gidi: olè, ìjà, ohun tó bá jẹ́. Èyí ni ìgbésẹ̀ tó kù wà fún.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ rí i dájú pé ara rẹ̀ dá

Ẹ ní kí ẹ rí i lójú. Obìnrin ló gbọ́dọ̀ tú ara obìnrin wò, àyàfi bí ohun kan bá ń jó lórí wọn tí kò sí àyè láti wá ọlọ́pàá obìnrin. Inú tésàn kì í sì í ṣe irú ibi bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ọkùnrin. Tésàn kékeré tí kò ní sẹ́ẹ̀lì obìnrin sábà máa ń fi wọ́n jókòó sẹ́yìn kántà. Kò burú, bí àwọn ènìyàn bá ń rí i. Ohun tó burú ni kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá kan lóru.

Bó bá lóyún, bó bá ń fún ọmọ lọ́mú, bó bá ní àìsàn, ẹ sọ fún IPO, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá kéré sí ọdún 18, wọn ò gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ àgbàlagbà, kí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú: fóònù, owó, yẹtí. Wọ́n ní láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà.

*Ìkìlọ̀:* Bó bá sọ fún yín pé ẹnì kan fipá bá òun lò pọ̀ ní àhámọ́, ohun gbogbo mìíràn dúró. Kí ó má wẹ̀, kí ó má fọ aṣọ, kí ẹ sì kó aṣọ náà sínú àpò bébà. Ilé ìwòsàn kọ́kọ́, kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Èkó, Mirabel Centre nínú LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà, ń tọ́jú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin tó lòdì sí ìdálóró, ti 2017, ka ìfipábánilòpọ̀ nínú àhámọ́ sí ìdálóró.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ó ti gba àpò tí ẹ gbé wá, ẹ sì ti gbọ́ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe sí i.

Ìgbésẹ̀ 4: Sitétímẹ́ǹtì

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní alẹ́ ọjọ́ kìíní ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. IPO á ní, "Kọ ọ́, kí o máa lọ sílé." Kò sí àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ìwé tó bá ti fọwọ́ sí, iwájú adájọ́ ló ń lọ.

Ohun tí ẹ máa sọ fún un, bí ẹ bá ráyè bá a sọ̀rọ̀:

1. Ó lè dákẹ́. Abala 35 fún un láyè láti má dáhùn ìbéèrè kankan títí lọ́yà tàbí ẹnì kan tó fẹ́ yóò fi dé. Orúkọ àti àdírẹ́sì nìkan ni kó sọ.
2. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan wà níbẹ̀. Abala 17 ACJA gba lọ́yà, òṣìṣẹ́ Legal Aid, tàbí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Ní Èkó, bí sitétímẹ́ǹtì bá jẹ́ ìjẹ́wọ́, òfin ní kí wọ́n ya fídíò rẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, kí lọ́yà tó fẹ́ jókòó tì í.
3. Kí ó sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá. Bí ògbufọ̀ bá wà níbẹ̀, ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ kà á padà fún un, kó sì kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀.
4. Kó tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Bí àyè bá ṣófo lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó fa ìlà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ èdè yìí, nítorí ó kan àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé àwọn olówó Èkó, Benin Republic tàbí Tógò ni wọ́n ti wá. Fọ̀n tàbí Ègùn ni wọ́n ń sọ, pẹ̀lú Faransé díẹ̀. Bí ohun kan bá sọnù nínú ilé, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí. Wọ́n á wá bí i léèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, á mi orí, wọ́n á kọ ọ́ pé ó jẹ́wọ́. Bí ẹ bá mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ kí ẹ tó wá lọ́yà pàápàá, kí ẹ sì rán ọlọ́pàá létí pé àjòjì lẹ́tọ̀ọ́ sí kí wọ́n fi tó ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ létí. Mo ti rí i pé bí wọ́n bá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ aṣojú lè dá sí i, ohùn wọn máa ń yí padà. Bákan náà ni ti obìnrin odi: ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́ ni kó jókòó tì í, kì í ṣe ẹni tó mú ẹjọ́ wá.

*Ìkìlọ̀:* Bí wọ́n bá ti nà án tàbí dẹ́rù bà á kó tó kọ ọ́, ẹ ya fọ́tò ojú ọgbẹ́ lọ́jọ́ tó bá jáde, kí ẹ gba ìwé dókítà. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ò gba ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà, ṣùgbọ́n adájọ́ fẹ́ rí nǹkan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ bí i pé, "Kí ló wà nínú ìwé tí o fọwọ́ sí?" Bó bá lè tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dáa. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé wọn ò kà á fún un, kí ẹ sì sọ fún lọ́yà lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Béèlì, àti obìnrin tó fẹ́ dúró

Béèlì ò lówó nínú. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tésàn fúnra wọn. Mi ò ní tàn yín jẹ o, àwọn kan ń sanwó, ẹni wọn sì ń jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ kò sí rìsíìtì fún owó yẹn, ẹjọ́ ò sì parí síbẹ̀. Bí IPO bá tún nílò owó, á tún pè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ "wá nǹkan," ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè iye tó jẹ́, ẹni tó ń gbà á, àti rìsíìtì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìbéèrè rìsíìtì yìí máa ń mú owó náà kéré, tàbí kó pòórá.

Wàyí o, obìnrin. Abala 167 ACJA sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ kọ ènìyàn láti dúró béèlì nítorí pé ó jẹ́ obìnrin nìkan. Abala 42 Ìwé Òfin Ilẹ̀ náà ò fàyè gba kí wọ́n fi akọ tàbí abo ya ènìyàn sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ mú ọkùnrin wá, ẹ má bínú, ẹ má jáde. Ọ̀nà tó máa ń ṣiṣẹ́ nìyí:

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Káàdì mi nìyí, ibi tí mò ń gbé nìyí, ṣọ́ọ̀bù mi nìyí. Kí ló kù nínú ohun tí ẹ fẹ́ lọ́wọ́ onídùúró?"

Bó bá tún ní obìnrin ni yín, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ síbí pé torí mo jẹ́ obìnrin ni, kí n lè mú un lọ bá DPO." Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ ọ́. Bí DPO náà bá kọ̀, Area Commander ló kàn, tàbí ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn ọlọ́pàá. Ẹ má parọ́ iṣẹ́ tàbí àdírẹ́sì, torí ìyẹn á fún wọn ní ìdí gidi láti kọ̀ yín.

Ohun tí ẹ ń fọwọ́ sí ni pé ẹ máa mú ẹni náà wá nígbà tí wọ́n bá pè. Bó bá sá, owó tó wà lórí bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé béèlì tí ẹ fọwọ́ sí, ni ilé ẹjọ́ lè gbà lọ́wọ́ yín. Nítorí náà:

- Ẹ má fọwọ́ sí bọ́ǹdì tí iye owó ò sí lórí rẹ̀.
- Ẹ má fi ojúlówó ìwé ilé sílẹ̀ ní tésàn. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún wọn.
- Bí ẹ bá fura pé ẹni náà fẹ́ sá, ẹ lọ sọ ọ́ ní kíákíá, kí ẹ sì ní kí wọ́n yọ yín kúrò. Ọ̀rọ̀ àánú kọ́ nìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Obìnrin náà ti jáde, ẹrù rẹ̀ pé bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀, ẹ sì mọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n ní kó padà wá. Ẹ̀sùn ìpànìyàn àti ìdigunjalè ò sí lára ohun tí tésàn lè fún ní béèlì. Ẹ má fi owó ṣòfò síbẹ̀, ilé ẹjọ́ ni kí ẹ lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí wákàtí 24 bá pé tí wọn ò tú u sílẹ̀

Ẹ lọ bá májísíréètì tó sún mọ́ yín. Abala 32 ACJA gbà kí wọ́n bẹ ilé ẹjọ́ fún ìtúsílẹ̀ rẹ̀, lẹ́nu tàbí nínú ìwé. Lọ́yà ló yẹ kó ṣe é, àmọ́ bí lọ́yà ò bá tíì dé, kí ẹbí lọ bá akọ̀wé ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ìwé tí ẹ ti ń kọ láti àná. Ìgbà yìí ni aago tí ẹ kọ sílẹ̀ ń di ẹ̀rí.

Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ fúnra wọn, kí ẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú onídùúró àti ìwé rẹ̀ lówùúrọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń dé Kìrìkírì kì í ṣe torí pé adájọ́ kọ béèlì, torí pé ó fún un ní béèlì, kò sì sẹ́ni tó wá dúró fún un lọ́jọ́ náà ni. Bó bá lóyún tàbí tó ní ọmọ ọwọ́, kí lọ́yà sọ ọ́ ní gbangba níwájú adájọ́. Bó bá sì dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, Òfin Iṣẹ́ Àtúnṣe Ìwà ti 2019 ní kí wọ́n ní ibi ọ̀tọ̀ fún obìnrin àti ìtọ́jú fún aláboyún, abiyamọ àti ọmọ wọn. Ẹ béèrè rẹ̀ ní orúkọ òfin náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ní nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ ilé ẹjọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n sún un sí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ̀sùn lẹ́yìn tó ti jáde

Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ ṣe èyí. Wọ́n á ní ká dúpẹ́ pé ó délé. Mo gbà, ẹni tó rẹ̀ lè sinmi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá nà án, bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, bí wọ́n bá mú un dípò ọkọ, ẹ kọ ìwé kan ṣoṣo tó ní ọjọ́, aago, orúkọ àti ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Complaint Response Unit ti ọlọ́pàá àti Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, National Human Rights Commission. Ẹ má fi ìbínú kún un. Ojú ewé kan tó.

Bó bá fẹ́ pe ẹjọ́, abala 46 Ìwé Òfin Ilẹ̀ fún un láyè láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìlànà ilé ẹjọ́ ti 2009 lórí irú ẹjọ́ yìí ò fi gbèdéke ìgbà sí i, nítorí náà kò pẹ́ jù, àní bí ọdún méjì bá ti kọjá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ti gba nọ́ńbà ẹ̀sùn tàbí ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pé wọ́n ti gbà á. Bí ẹ ò bá ní ọ̀kan nínú méjèèjì, wọn ò tíì gba ẹ̀sùn yín. Ẹ padà lọ.